Lùkúmọ̀n àti Abẹ Ọjọ́ Jímọ̀

Ẹ̀bi mi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi. Bí mo bá ti pa ẹnu mọ́ lọ́jọ́ náà, tí mo tẹjú mọ́ ṣòkòtò tí mò ń rán, Lùkúmọ̀n ì bá má ti rí ìdààmú tó rí. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo kàwé dé Sítáńdáàdì Síìsì ní ojúlé wa, kò sì sí lẹ́tà tí mo lè rí kí n má kà á sókè, ì báà jẹ́ èyí tó wà lára páálí ọṣẹ.

Ìdúmàgbò l'Ékòó la wà, ní ọdún 1974. Èmi Sámúẹ́lì, télọ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ni mo ni apá ọ̀tún iwájú ilé náà. Lùkúmọ̀n onígbàjámọ̀ ló ni apá òsì. Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló wà láàárín fún àwọn oníbàárà àwa méjèèjì, ẹni tó bá sì jókòó sórí rẹ̀, kó tó dìde, ó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ilé wa.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí Lùkúmọ̀n, nínú ilé àwọn tó ń hun aṣọ òkè. Bàbá rẹ̀ kọ́ ọ títí ó fi rẹ bàbá náà. Aṣọ tí Lùkúmọ̀n bá hun á fẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, á wá máa tín-ín-rín lọ títí á fi dà bí ìrù eku lópin. Ìgbà tó hun gèlè kan tí kò yí orí ìyàwó ọ̀ṣìngín po, tí gbogbo àna ń rẹ́rìn-ín, bàbá rẹ̀ di ẹrù rẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń ṣe gbàjámọ̀ l'Ékòó. Nídìí abẹ ni ọwọ́ rẹ̀ ti rí ibi tó bá a mu. Mo ti rí i tó fá orí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ tán tí ọmọ náà kò jí lójú oorun.

Ọwọ́ rẹ̀ dára. Orí rẹ̀ ni mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún. Lùkúmọ̀n kò lè rí abẹ òyìnbó àtijọ́ kó má rà á: àwọn abẹ gígùn tó ń ká bọ inú èèkù wọn bí ọ̀bẹ àpò, tí ẹ̀yìn wọn nípọn, tí ẹnu wọn fẹ́lẹ́. Abẹ wẹ́wẹ́ inú bébà tí gbogbo ayé ń rà lọ́jà nígbà náà, kò kà á kún. Ó ní ìyẹn wà fún àwọn tó fẹ́ gé èékánná. Gbogbo ilé àtijọ́ ní Pópó Àgùdà ló mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí àwọn bàbá àgbà ibẹ̀ ti kó irú abẹ bẹ́ẹ̀ ti Brazil bọ̀, tí àwọn ọmọ-ọmọ wọn kò sì mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe.

Àwọn tó ń tà á mọ̀ pé ojú rẹ̀ máa ń fọ́ bó bá ti rí èèkù tó dára. Wọ́n ta ọ̀kan fún un tí wọ́n fi òróró pa títí tó ń dán, kò mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ti sán. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fà á lórí awọ tó fi ń pọ́n abẹ ló ṣẹ́ sí méjì, ìdajì kan sì fò lọ sínú ọbẹ̀ ilá ìyàwó rẹ̀. Wọ́n tún ta òmíràn fún un, wọ́n ní eyín erin ni èèkù rẹ̀. Èèkù náà tẹ̀ díẹ̀, ó sì sún un mọ́ àtùpà kó lè nà á. Eyín erin gbiná fòò! Ike ni. Irùngbọ̀n Lùkúmọ̀n jó dé ìdajì, odindi oṣù méjì ló sì fi ń sọ fún àwọn oníbàárà pé bí wọ́n ṣe ń gé e ní Káírò nìyẹn.

Gbogbo abẹ tó bá rà, apá ara rẹ̀ ló fi ń dán an wò, kó lè mọ̀ bóyá ó mú. Nígbà tí apá méjèèjì dán tán, ó bọ́ sí àyà, ó bọ́ sí ẹsẹ̀. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, kò sí irun kan ṣoṣo láti ọrùn Lùkúmọ̀n dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Àdìjátù ìyàwó rẹ̀ a máa sọ fún mi pé, "Bọ̀dá Sámúẹ́lì, ọkùnrin onírun láyà ni mo fẹ́ o. Ẹ wò ó báyìí. Ẹja àrọ̀ ló kù sí mi lọ́wọ́."

Kì í ṣe àsìkò tó yẹ kí onígbàjámọ̀ máa ṣeré. Áfúrò lòde. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin Ìsàlẹ̀ Èkó ti jẹ́ kí irun wọn hù títí fìlà kò fi gba orí wọn mọ́, bí wọ́n bá sì rí Lùkúmọ̀n, wọ́n á sọdá sí òdìkejì títì. Àwọn àgbà ló kù fún un, olórí wọn sì ni Àlàájì Sùrájù, tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní páálí páálí ní Òkè Àrin. Ọdún mọ́kànlá ni Àlàájì ti ń wá fá orí rẹ̀ kodoro ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ kó tó lọ kírun. Nítorí pé ó ń wá ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́sàn-án náà ṣe ń wá. Bí Àlàájì bá yí ẹsẹ̀ padà, ṣọ́ọ̀bù Lùkúmọ̀n ti tì nìyẹn, Ìsẹ́yìn ni yóò padà sí, nídìí òfì.

Bó ṣe wà nìyẹn tí Sìsí Rónkẹ́ fi ránṣẹ́ pè é. Ẹni àádọ́rin ọdún ni Sìsí Rónkẹ́ ní Pópó Àgùdà, ṣùgbọ́n bí o bá pè é ní Ìyá Àgbà, kò ní dá ọ lóhùn. Ó gbé àpótí igi dúdú kan jáde tí wọ́n fi àrán pupa tẹ́ inú rẹ̀. Abẹ méje ló wà níbẹ̀, wọ́n ṣe ọgbọọgba, ìpáàrà sì ti bò wọ́n débi pé o kò lè mọ irin yàtọ̀ sí igi.

"Ti bàbá mi ni," ó ní. "Lùkúmọ̀n, mi ò fẹ́ owó. Owó kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi. Sítóòfù ni mo fẹ́."

Àdìjátù ní sítóòfù tuntun. Ẹ ti mọ bó ṣe lọ. Láti ọjọ́ náà ni Àdìjátù ti ń fi igi dáná, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé ààrò rẹ̀ sí ibi tí atẹ́gùn á ti máa fẹ́ èéfín wá bá ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi tí mi ò ṣẹ̀ ẹ́, èmi náà ń wúkọ́. Inú Lùkúmọ̀n ní tirẹ̀ dùn débi pé ó kó gbogbo abẹ tó ń lò tẹ́lẹ̀, ó fi ta onígbàjámọ̀ kan lọ́rẹ ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Ó ní òun ti kúrò ní ìpele yẹn.

Ẹni tó bá mọ irú abẹ bẹ́ẹ̀ tọ́jú, òróró ló máa ń fi pa á, á fi í sílẹ̀, á wá fi aṣọ rírọ̀ nù ún díẹ̀díẹ̀. Lùkúmọ̀n kò ní sùúrù yẹn. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé ọ̀kan lórí, ó da eérú sí i, ó sì fi sáńpépà tí káfíńtà kan fún un ha á fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó mú un wá fi hàn mí, o lè fi wo eyín. Eṣinṣin kan bà lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀.

"Télọ̀, ìdọ̀tí kan ló há sẹ́yìn ẹ̀ tó fẹ́ pa mí," ó ní. "Mo ha á títí. Mo borí ẹ̀."

Mo kí i kú iṣẹ́. Ó gbé ìkejì sórí tábìlì máṣíìnì mi, ó ń wá sáńpépà mìíràn. Mo fi àtàǹpàkò nu ẹ̀yìn abẹ náà, mo rí lẹ́tà, mo sì kà á sókè bí mo ṣe máa ń ṣe.

"Thursday. Ọjọ́bọ̀ nìyẹn."

A nu àwọn tó kù. Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Àbámẹ́ta, Àìkú: abẹ kan fún ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni a kò rí. Àwa méjèèjì wá yíjú sí abẹ tó ń dán náà.

"Lùkúmọ̀n," mo ní, "kì í ṣe ìdọ̀tí lo ha dànù o. Fraidé ni."

"Télọ̀, jọ̀ọ́, rọra sọ̀rọ̀."

Ó ti pẹ́ jù. Ènìyàn mẹ́rin wà lórí bẹ́ǹṣì.

Òróró àti aṣọ rírọ̀ ni Lùkúmọ̀n fi nu ìpáàrà àwọn mẹ́fà yòókù, ó sì pọ́n wọn. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, gbogbo Ìdúmàgbò ti gbọ́, kò sì sẹ́ni tó tún fẹ́ jókòó sórí àga láì kọ́kọ́ béèrè abẹ ọjọ́ náà. Ní Ọjọ́ Ajé, èrò pọ̀. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ẹnì kan kò yọjú. Wọ́n ní àwọn kì í dáwọ́ lé nǹkan tuntun ní Ọjọ́rú, ká má tíì sọ pé kí irin Ọjọ́rú wá kan àwọn lórí. Ọkùnrin kan tó ní ẹjọ́ ní kóòtù wá ní Ọjọ́bọ̀, ó ní abẹ Ìṣẹ́gun lòun fẹ́. Lùkúmọ̀n ní kó padà wá ní Ìṣẹ́gun. Ọkùnrin náà ní adájọ́ kò ní dúró de irun òun. Wọ́n fà á títí, ó sì bínú lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀, títí Jímọ̀ fi dé.

Àlàájì Sùrájù kò jókòó. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́.

"Lùkúmọ̀n, wọ́n ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ti ní abẹ tiẹ̀. Mú ti Jímọ̀ wá kí n rí i."

Lùkúmọ̀n fi ọwọ́ méjèèjì gbé abẹ dídán náà fún un. Àlàájì yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó wá nà á sí mi. "Télọ̀, bá mi kà á."

"Àlàájì," mo ní, "kò sí nǹkan kan lára ẹ̀ tí mo lè kà."

Ẹnu mi yìí!

"Àlàájì, ẹ gbọ́," Lùkúmọ̀n sáré sọ. "Ọjọ́ méje ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Mẹ́fà ní orúkọ lára. Èyí tí ò lórúkọ, òun ni Jímọ̀. Kò sí ọjọ́ mìíràn tó lè jẹ́."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Àlàájì ní. "Bó o bá wá sí Òkè Àrin, tí páálí mẹ́fà ní orúkọ mílíìkì lára, tí ìkeje ò ní nǹkan kan, ṣé wàá rà á lọ́wọ́ mi ní mílíìkì?"

"N óò kọ́kọ́ mì í wò, sà."

Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Àlàájì kò rẹ́rìn-ín.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbé orí mi fún ọ," ó ní. "Nígbà tí ọjọ́ kankan ò ní abẹ tiẹ̀, ṣé mo bá ọ jà? Ní báyìí, Ọjọ́bọ̀ ní tiẹ̀, Àbámẹ́ta ní tiẹ̀, àní Ọjọ́rú lásánlàsàn ní tiẹ̀. Jímọ̀ tó jẹ́ olórí gbogbo ọjọ́, òun lo wá fi sáńpépà pa rẹ́! Wàláhì, bí mi ò bá rí orúkọ Jímọ̀ lára abẹ yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Dáfídì ni yóò máa fá orí mi."

Ó fi fìlà dé irun rẹ̀, ó lọ. Dáfídì yẹn, ará Iléṣà ni, ẹ̀rọ oníná ló fi ń gẹ irun ní ìkángun títì wa, ó sì ti ń fi ojú wá Àlàájì láti ọjọ́ pípẹ́. Lùkúmọ̀n jókòó sórí àga oníbàárà rẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó ní òun ń gbọ́ ìró òfì bàbá òun létí.

Mo fẹ́ ṣàtúnṣe ohun tí ẹnu mi bà jẹ́, mo mú báírò, mo kọ FRIDAY sẹ́yìn abẹ náà gàdàgbà. Ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A gbé e lọ sọ́dọ̀ Táíwò, alágbẹ̀dẹ wúrà tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ó gbé ṣísù tó fi ń fín wúrà lé e, ó lù ú, ṣísù ló kán.

"Irin yìí ti le jù," Táíwò ní. "Àyàfi kí n fi iná rọ̀ ọ́."

"Ṣé iná ò ní bà á jẹ́?" mo béèrè.

"Télọ̀, ṣé mo ti kọ́ ẹ rí bí wọ́n ṣe ń ran ṣòkòtò?"

Mo pa ẹnu mọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí n pariwo nìyẹn. Táíwò ti abẹ náà bọ iná títí ó fi pọ́n bí ata, ó yọ ọ́, ó jẹ́ kó tutù, ó sì kọ FRIDAY sí i lára, òdòdó kan lápá ọ̀tún, òdòdó kan lápá òsì. Ó dára ju ti àwọn mẹ́fà tó kù lọ. Lùkúmọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀.

Ó kù kó dán an wò. Ó ká apá aṣọ, kò rí irun. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò, kò rí irun. Ó wò mí lápá. Mo ní irun apá mi ní ohun tí mò ń fi í ṣe. Ó wọlé lọ bá Àdìjátù bóyá á bá a wá ẹnì kan nínú àwọn ẹbí rẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn obìnrin náà láti inú èéfín: "Olówó orí mi, ẹ lọ fi dán sítóòfù mi wò!" Bẹ́ẹ̀ ni kò fi dán an wò.

Jímọ̀ dé. Àlàájì wá, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì tẹ̀ lé e láti ṣe ẹlẹ́rìí. Mo ka orúkọ náà sókè fún wọn. Àlàájì fi àtàǹpàkò ra àwọn òdòdó náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Alhamdulilahi. Báyìí ló yẹ kó rí."

Ó bọ́ fìlà, ó jókòó. Irun ọ̀sẹ̀ méjì ló wà lórí rẹ̀, funfun wẹ́wẹ́, ó le bí búrọ́ọ̀ṣì. Lùkúmọ̀n fi ọṣẹ pa á títí ó fi hó. Ó gbé abẹ lé iwájú orí, ó fà á. Abẹ náà kò gé irun, ó ń tu ú. Àlàájì fò lórí àga.

"Lùkúmọ̀n! Kí lo fi ń ṣe é, àfọ́kù igbá?"

"Ẹ má bínú, sà. Tuntun ni."

Ó fà á lórí awọ, ó tún gbìyànjú. Ẹnu abẹ náà ká kò bí etí ìwé ọmọ iléèwé. Irin tó bá ti pọ́n nínú iná bẹ́ẹ̀, tí kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá líle rẹ̀ padà, kì í ṣe abẹ mọ́, ṣíbí ni. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀. Lọ́jọ́ náà, ohun tí mo rí ni pé ọ̀nà kan ti là láti iwájú orí Àlàájì dé àtàrí, ó fẹ̀ tó ìka méjì, ibi yòókù sì wà bó ṣe wà. Omi ti lé sí Àlàájì lójú. Nígbà náà ni ládàánì pe ìpè àkọ́kọ́.

Lùkúmọ̀n ju abẹ Jímọ̀ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Àlàájì, mi ò lè purọ́ fún yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ba abẹ yìí jẹ́. Sáńpépà lẹ́ẹ̀kan, iná lẹ́ẹ̀kan. Kò lè gé irun mọ́ láyé."

Àlàájì ní kí n gbé dígí wá. Ó wo ara rẹ̀ pẹ́. "Mi ò lè gbé orí yìí wọ mọ́ṣáláṣí," ó ní. "Mi ò sì lè gbé e kọjá níwájú Dáfídì." Àánú rẹ̀ ṣe mí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín ń pa mí kú lọ nínú.

Lùkúmọ̀n dìde, ó ṣí àpótí. Abẹ mẹ́fà tó kù wà níbẹ̀, gbogbo wọn mú. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà ní kó lo Ọjọ́bọ̀, nítorí láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni òru Jímọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Èkejì ní rárá, Àbámẹ́ta ni, nítorí Àbámẹ́ta ló ń bọ̀, Ọjọ́bọ̀ ti lọ. Ẹ̀kẹta ní kí wọ́n lo Ọjọ́bọ̀ fún apá ọ̀tún, kí wọ́n lo Àbámẹ́ta fún apá òsì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, ọṣẹ sì ń gbẹ lórí Àlàájì.

"Ẹ dákẹ́!"

Lùkúmọ̀n ni. Gbogbo ọdún tí mo fi bá a gbé, mi ò gbọ́ ọ rí kó pariwo.

"Àlàájì," ó ní, "ọdún mọ́kànlá lẹ ti ń jókòó sórí àga yìí. Ẹ ò bi mí rí kí ni orúkọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ mi lẹ gbé orí yín fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dijú."

Àlàájì wò ó. Mo rò pé yóò dìde. Ó dijú.

Lùkúmọ̀n na ọwọ́ kan sẹ́yìn sínú àpótí láì wò ó, ó mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà. Ẹ̀yìn abẹ náà kọjú sí mi. Wednesday, Ọjọ́rú. Ẹnu mi ti là. Lùkúmọ̀n gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ àti tèmi ṣe mẹ́rin, mo sì sáré mú píìnì márùn-ún lórí máṣíìnì, mo kó wọn há sáàárín ètè mi méjèèjì.

Ó fá a. Kò sí ariwo kankan ju ìró abẹ lọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó fá iwájú, ó fá ẹ̀gbẹ́, ó yí ẹ̀yìn etí po. Ó nu ọṣẹ, ó fi òkúta funfun álọ́ọ̀mù ra á. Àlàájì fi ọwọ́ pa orí rẹ̀ láti iwájú dé ìpàkọ́, ó tún pa á padà.

"Èwo lo fi fá a?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi, nítorí èmi ni mo mọ̀wé. Mo fi ìka tọ́ka sí píìnì ẹnu mi. Àlàájì dé fìlà, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì sáré lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Lùkúmọ̀n kò ra abẹ kankan, kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ abẹ. Ó ń bi mí lójoojúmọ́ bóyá mo ti sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní mi ò sọ. Òótọ́ ni, ó sì nira fún mi ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé lọ. Jímọ̀ dé, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti jókòó, Àlàájì kò sí láàárín wọn. Oòrùn gòkè. Lùkúmọ̀n nu àga lẹ́ẹ̀kẹta. Mo rí i tó ń yọjú wo ìkángun títì, níbi tí ẹ̀rọ Dáfídì ti ń kùn, mo sì mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Àlàájì yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó ní kọ́sítọ́mà kan ló dá òun dúró ní Òkè Àrin. Ó bọ́ fìlà, ó fi kọ́ ìṣó, ó jókòó. Lùkúmọ̀n ta aṣọ bò ó lọ́rùn, ó ṣí àpótí.

"Àlàájì," ó rọra béèrè, "èwo ni kí n mú?"

Àlàájì ti dijú.